Adáhùn Dé Ìsọlọ̀

Ó ṣojú mi kòró. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì lá a lójú àlá. Tíṣà ìṣirò ni mí. Ohun tí n kò bá lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí ojú pátákó, n kì í gbà á gbọ́, àwọn tí mo kọ́ níwèé sì mọ̀ pé àgídí mi kò kéré. Eléyìí nìkan ni mo gbà gbọ́ láìlè ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó máa ṣe é. Ẹni tó jìn sí kòtò ló mọ bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rí.

Ìlú wa wà ní Èkìtì, láàárín àwọn òkè. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó kù níbẹ̀ ṣì ní láti máa gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìlú náà ni òkè olókùúta ńlá kan wà tí à ń pè ní Adáhùn. Bí ọmọ kan bá lọ sí àjò tí kò bọ̀, tí kò sí lẹ́tà, tí kò sí ìròyìn, ìyá rẹ̀ ni yóò lọ bá Adáhùn. Yóò lọ ní ìdájí, láìwọ bàtà, láìtíì fi nǹkan kan ẹnu. Yóò kọjú sí òkúta, yóò pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Bí òkúta bá dá orúkọ náà padà, ọmọ ń bẹ láàyè. Bí òkúta bá dákẹ́, ìyá yóò tú gèlè rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì máa sunkún bọ̀ wálé. A kì í bi Adáhùn léèmejì lórí ẹnìkan. Wọ́n ní kì í parọ́.

Màámi ní ọmọ tó yẹ kó lọ bèèrè. Akínbọ̀wálé ni, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ìlú wa ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màámi, kó tó wá bá wa l'Ékòó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun nìkan nínú ilé wa ló ń pe Màámi ní "Yèyé". Èmi tí wọ́n bí sí Èkó, Màámi ni mò ń sọ. Ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé. Ogun parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, òun kò dé. Kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i láàyè.

Gbogbo ènìyàn ní kí Màámi lọ bá Adáhùn. Ó kọ̀.

"Bí n kò bá tíì bèèrè," ló máa ń sọ, "ọmọ mi ń bẹ láàyè."

Nígbà náà mo rò pé ìwà òpè ni. Mo ti gbọ́n díẹ̀ sí i báyìí.

Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Bàbá mi, Ilésanmí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, ló fi ra ilẹ̀ ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí Ire-Akari, ní ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun tí ilé sì ń hù bí olú káàkiri. Iwájú àdúgbò wa ni wọ́n ti ń la títì ńlá tó wá láti Òṣòdì, tó ń lọ sí Àpápá. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, típà kì í sinmi. Ilẹ̀ Ìsọlọ̀ sì rèé, pẹrẹsẹ ni, àbàtà ló pọ̀ níbẹ̀. Kò sí òkè kankan. Òkúta yòówù tí ẹ bá rí níbẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti kó o wá.

A kọ́kọ́ parí yàrá ẹ̀yìn, a sì fi í háyà fún tọkọtaya kan láti Abẹ́òkúta. Ọkọ ń jẹ́ Súbérù, ó ń wa típà. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìsíátù, ó ń ta ọṣẹ ní Òṣòdì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá mi bá Súbérù níbi tó ti ń fọ eruku funfun kúrò lára típà rẹ̀.

"Súbérù, níbo lo ti ń kó òkúta títì yìí?"

"Èkìtì ni, Bàbá. Òkè kan báyìí, tí èèyàn bá kọjá Arámọkọ. Àwọn òyìnbó ń fi ẹ̀rọ fọ́ ọ bí ẹní fọ́ ẹyin."

Bàbá mi fọwọ́ kan eruku tó wà lára típà náà.

"Ṣé igi ìrókò méjì wà lẹ́sẹ̀ òkè náà?"

"Ó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gé e."

Bàbá mi kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ Súbérù pé kó já ẹrù kan sílé wa. Òkúta Adáhùn ló fi da ilẹ̀ pálọ̀ wa. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn lébìrà bí wọ́n ti ń pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì. Inú mi kò dùn sí ojú tó fi ń wò ó.

"Ohun tí ẹ ṣe yìí kò dáa," ló rọra sọ.

Bàbá mi gbọ́. "Bí Adáhùn yóò bá kúkú bọ́ sábẹ́ táyà," ló wí, "ó sàn kó bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí. Àwa ará òkè tí a wà l'Ékòó, kò sí ohun tí àárò ilé kì í mú wa ṣe. Ẹlòmíràn á bu omi odò ìlú rẹ̀ sínú ìgò. Bàbá mi gbé òkè wá.

Láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé, Màámi kì í bọ́ sálúbàtà ní pálọ̀. Bó bá jí lóru tó fẹ́ mu omi, sálúbàtà ló máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wá. Mo rò pé ilẹ̀ náà tutù fún un ni.

Nígbà ọyẹ́, ọdún tó ṣáájú FESTAC, ẹ̀gbọ́n Màámi wá kí wa láti ilé. Màmá Olúsànyà là ń pè é. Ọ̀sán gangan ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu lérí, ó ké sí àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ti ń ké síra wọn láti kékeré.

"Ibídùn o!"

Lẹ́yìn náà, láti abẹ́ ẹsẹ̀ wa, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan kọ́kọ́ rò ó wò:

"Ibídùn o."

Ohùn Màmá Olúsànyà ni. Ṣùgbọ́n mo ń wo ẹnu rẹ̀, ó ti pa á dé. Apẹ̀rẹ̀ já bọ́ lórí rẹ̀. Iṣu yí káàkiri pálọ̀.

"Ta ló gbé Adáhùn wá síbí?"

Bàbá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó kọ̀ láti jókòó ní pálọ̀. Ilé ìdáná ló ti ròyìn ilé fún wa. Ẹ̀rọ ń bú ramúramù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí wọ́n bá yin ẹ̀tù sí òkè, ògiri ilé á la. Eruku ti bo kòkó títí ewé rẹ̀ fi funfun. Odò tí à ń pọn ti di ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó oko dà nù, àwọn kan ń fọ́ òkúta, àwọn yòókù tẹ̀lé típà wá sí Èkó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà. Ibi tí Adáhùn wà tẹ́lẹ̀ ti di kòtò.

"Gbogbo ìyá tó wà nílé ń sunkún," ló sọ fún Màámi. "Ọmọ wọn ń bẹ l'Ékòó, wọn kò mọ̀ bóyá ó yè tàbí ó kú, kò sì sí ibi tí wọ́n máa bèèrè. Ìwọ nìkan ló kù fún."

"N kò ní nǹkan tí mo fẹ́ bèèrè," ni Màámi wí.

Nígbà tí Màmá Olúsànyà ti lọ, èmi tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dán ilẹ̀ wò. Mo pariwo "àga". Kò dáhùn. Mo pariwo "Èkó". Kò dáhùn. Mo pe orúkọ ara mi, ó dá a padà. Mo pe orúkọ bàbá mi gbàǹgbà, bí ẹni pé èmi ni mo bí i, ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ni mo pe orúkọ ìyá Bàbá mi, tó ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ilẹ̀ dákẹ́.

Mo dúró títí. Mo gbọ́ omi tó ń kán ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ẹ̀mí ara mi. N kò dán an wò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kó má yí padà. Ohùn wa rẹlẹ̀. Ìsíátù á ké sí ọmọ rẹ̀ Mísbáù láti ẹ̀yìnkùlé, pálọ̀ á sì bá a ké. Lọ́jọ́ kan ó yọjú wọlé pẹ̀lú omi ọṣẹ lọ́wọ́.

"Ta ló ń sín mi jẹ níbí? Ah-ah! Ẹ sọ fún un pé n kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ o."

A rẹ́rìn-ín. Kí la fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wá nítorí orúkọ kan. Ó lè bọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nígbàkúgbà, bí àlejò bá béèrè pé ta ló wà nínú fọ́tò tó wà lára ògiri. Bàbá mi yọ fọ́tò náà kúrò. Màámi gbé e padà.

Ìyà ńlá ni kí ìdáhùn wà nílẹ̀ ilé rẹ kí o máa rìn kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rí i pé Màámi ń rù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ padà láìfọwọ́ kàn án. Bàbá mi rí i, èmi náà rí i.

Ní ìdájí, mo gbọ́ tí sálúbàtà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan. Èkejì. Mo dìde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Màámi wà láàárín pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Ó wé gèlè. Kò sí típà lójú títì ní wákàtí yẹn. Kò sí kòkòrò tó ń ké.

"Akínbọ̀wálé o!"

Ilẹ̀ dákẹ́.

Mo dúró. Ó dúró. Àkùkọ Ìsíátù gbọn ìyẹ́ ṣùgbọ́n kò kọ. Ilẹ̀ tó ti dá orúkọ Mísbáù padà lánàá dákẹ́ bí òkú ọ̀gánjọ́. Màámi gbé ọwọ́ sókè, ó di etí gèlè rẹ̀ mú. Mo fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn.

Ìgbà náà ló dé láti òkèèrè. Láti ojú títì.

"Akínbọ̀wálé o."

Ohùn Màámi ni. Lẹ́yìn náà ó tún dún níwájú sí i, ní ọ̀nà Òṣòdì. Ó tún dún, ó ti jìnnà. Ó tún dún, tín-ín-rín, títí etí kò fi lè bá a mọ́. Òkúta ń fi orúkọ náà lé òkúta lọ́wọ́.

Màámi wó lulẹ̀ lórí eékún. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ń bẹ láàyè! Kíkẹ́lọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ láàyè!"

Mo bá Bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Kíkẹ́, mo ti la ẹnu," ló wí. "Èmi ni mo fẹ́ dá a lóhùn, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ohùn kò tíì jáde lẹ́nu mi."

"Kí ló wá dáhùn?"

"Ilẹ̀ ilé dákẹ́. Ìwọ náà gbọ́. Títì ló dáhùn." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Adáhùn kan náà ni. Wọ́n ti pín in sí méjì. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mo padà wọlé lọ bá Màámi.

Ilẹ̀ ti mọ́ tán nígbà tí Ìsíátù ti Òṣòdì dé pẹ̀lú igbá ọṣẹ tí kò tíì tà tán.

"Ìyá Kíkẹ́, ta ló ń jẹ́ Akínbọ̀wálé?"

Màámi dìde. "Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Níbi òkìtì òkúta, lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì. Wàláì, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é. Mo wẹ̀yìn, kò séèyàn. Ohùn yín sì ni. Mo ní kí lẹ wá ń ṣe ní Òṣòdì?"

"Ó ń bọ̀," ni Màámi wí, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn náà ti ń sún mọ́ wa. Àwọn lébìrà kan kò jókòó jẹun mọ́ ní apá ibì kan lójú títì. Wọ́n ní ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sá kúrò ní apá tó tẹ̀ lé e. Súbérù ní òun gbọ́ ọ láàárín ẹrù tí òun gbé, ó sì fi típà sílẹ̀ lójú ọ̀nà rìn wálé. Màámi ra ẹní tuntun. Ó ń gún iyán lójoojúmọ́, á se ọbẹ̀ tí Akin fẹ́ràn, á gbé e sórí tábìlì, á bò ó. Bàbá mi fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Màámi jókòó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi kò ní bá ilẹ̀kùn ní títì."

Ọjọ́ tó dé, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. NEPA ti mú iná lọ. Àwa mẹ́ta wà ní pálọ̀, àbẹ́là kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ náà. Típà tó gbẹ̀yìn kọjá, eruku rẹ̀ wọlé wá, ó rọra bà lé wa lórí. Mo tọ́ ọ wò ní ètè mi. Ó dà bí eruku ilé.

Láti ìkángun àdúgbò: "Akínbọ̀wálé o."

Láti ibi gọ́tà: "Akínbọ̀wálé o."

Láti ẹnu géètì. Kò sí ìró ẹsẹ̀. Géètì kò dún.

Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti tán. Nígbà náà ni ilẹ̀ pálọ̀, ilẹ̀ tó ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́sí, sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

"Yèyé."

Kì í ṣe ohùn Màámi. Ohùn ọkùnrin ni. Kò sẹ́ni tó pe ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé wa láti ọjọ́ tí Akin ti wọ ọkọ̀ ológun.

Màámi la ẹnu. Bàbá mi fò dìde, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ibídùn! A kì í dá ẹni tí a kò rí lóhùn. Ibídùn, mo bẹ̀ ọ́!"

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí Bàbá mi pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ sì dá a padà, "Ibídùn, Ibídùn," bó ti yẹ.

"Yèyé."

Màámi rọra yọ ọwọ́ Bàbá mi kúrò lẹ́nu. Kò bínú. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀.

"Oo, ọmọ mi," ló wí. "Èmi rèé."

Àbẹ́là kú. Nígbà tí NEPA mú iná dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Màámi dúró síbi tó wà. Gèlè rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti tú. N kò rí ẹni tó tú u.

Akin kò wọlé. Màámi kò sì dúró dè é mọ́. Ó gbé oúnjẹ náà kúrò lórí tábìlì, ó jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ara rẹ̀ yá. Ó ń kọrin nídìí ààrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìwọ bàtà ní pálọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi àti Bàbá mi, a kò sì bi í léèrè ohunkóhun.

Nígbà tí òjò parí, tí ọkọ̀ ti ń sáré lórí títì náà, Màmá Olúsànyà tún wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Ibídùn o!"

A dúró. Ìwà ti di bárakú, etí wa ti ń retí rẹ̀.

Ilẹ̀ dákẹ́.

Màámi jáde láti ilé ìdáná, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o!"

Màmá Olúsànyà kò sún mọ́ ọn. Ó wo èmi. "Kíkẹ́lọmọ," ló pè, ohùn rẹ̀ le. Ilẹ̀ dá a padà. "Ilésanmí." Ilẹ̀ dá a padà. Lẹ́yìn náà ó tún pe àbúrò rẹ̀, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ibídùn."

Mo gbọ́ ọkọ̀ lórí títì. N kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di apá Màámi mú, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì tún fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Ó gbóná," ló sọ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè orí ara rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ń tú gèlè?" ni Màámi béèrè.

"Ooru ni," ló wí.

Ọdún ti gorí ọdún. Bàbá mi ti kú, ilẹ̀ kò sì dá orúkọ rẹ̀ padà mọ́. Màámi ń bẹ. Ó ti darúgbó, ó ń jẹun dáadáa, ó ń sùn, ó ń jí. Bí mo ti ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pálọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun lọ láyé. Bí mo bá pe "Màámi", ó ń jẹ́ "Oo". Orúkọ rẹ̀ gan-an ni n kì í pè.